Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ÌYÓKÙ AṢỌ DI ẸWÙ ÌBEJÌ

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè: abẹ́rẹ́, òwú, sáàsì, téèpù, ínṣì, èjìká, ìṣẹ́tí, ìránpọ̀.

Oṣù kẹta ni. Ooru ń mú. Òjò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọmọdé ń làágùn nínú ẹwù tí ó nípọn. Ẹwù fẹ́lẹ́ tí kò fún wọn ló yẹ wọ́n, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé.

Ìyá Ìbejì fẹ́ rán irú ẹwù bẹ́ẹ̀ fún Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Kò sí owó aṣọ titun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà." Ìyá Ìbejì ṣí àpótí rẹ̀. Ó rí ìyókù ańkárá kan níbẹ̀.

Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ fi aṣọ náà rán bùbá. Ìyá rẹ̀ ti kú. Irú aṣọ náà kò sí lọ́jà mọ́. Bí ó bá gé e bàjẹ́, ó tán nìyẹn.

Ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ó ti gé aṣọ bàjẹ́ rí. Ní ọdún tí ó kọjá, ojú lásán ni ó fi wọn aṣọ. Nígbà tí ó rán an tán, orí Táíwò kò gba ọrùn ẹwù náà kọjá. Ọmọ ń ké, ìyá ń fà. Ọrùn ẹwù ya.

Nítorí náà, ó gbé ańkárá náà lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Tíṣà wò ó.

"Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì mú sáàsì o. Ìwé àti pẹ́ńsùlù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú."

"Háà, Tíṣà! Ṣé ìwé ni mo fẹ́ rán ni?"

"Rárá o, Mà. Ṣùgbọ́n ojú máa ń tanni. Ohun tí ẹ bá wọ̀n, tí ẹ sì kọ sílẹ̀, kò ní í tàn yín."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì mú pẹ́ńsùlù. Ẹ jẹ́ kí àwa náà bá a ṣe é.

1. Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Òwú ni wọ́n fi ń hun ańkárá. Aṣọ òwú lè súnkì bí omi bá kàn án. Bí a bá kọ́kọ́ gé e, ẹwù tí ó bá ọmọ mu lónìí lè fún un lẹ́yìn ìfọ̀ kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó tẹ́jú.

2. Ẹ wọn ọmọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́hìndé ni ó tóbi díẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ. Òun ni Ìyá Ìbejì wọ̀n. Ó kọ báyìí:

Àyà yíká: ínṣì 24
Èjìká dé ìbàdí: ínṣì 16
Orí yíká: ínṣì 21

3. Ẹ ṣe ìṣirò. Àyà jẹ́ 24. A fi 4 kún un kí ẹwù má bàa fún ọmọ. Ó di 28. A pín in sí méjì: iwájú 14, ẹ̀yìn 14. A fi 1 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìránpọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ di ínṣì 15.

Gígùn jẹ́ 16. A fi ½ kún un fún èjìká, àti 1½ fún ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀. Ó di ínṣì 18.

4. Ǹjẹ́ aṣọ náà tó? Ẹwù méjì ń fẹ́ ègé mẹ́rin. Ańkárá náà fẹ̀ ní ínṣì 46, ó gùn ní ínṣì 18. A gé iwájú méjì: 15 àti 15 jẹ́ 30. Ó ku 16. Kò tó ẹ̀yìn méjì. Ìyá Ìbejì mirí.

Tíṣà ní, "Mà, ẹ pín 16 yẹn sí méjì."

Ó di 8 àti 8. Ìyá Ìbejì ní ìyókù aṣọ búlúù nílé. Ó gé ègé méjì nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 8, ó gùn ní 18. Ó rán ańkárá 8 mọ́ búlúù 8. Ìyẹn jẹ́ 16. Ìránpọ̀ gba 1. Ó ku 15. Báyìí ni ẹ̀yìn méjèèjì ṣe pé, tí ẹwù àwọn ìbejì sì bára mu.

5. Ẹ gé ọrùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn gé e wò. Kí ọrùn fẹ̀ ní ínṣì 6. Kí ó jìn ní 3 níwájú, àti 1 lẹ́yìn. Bí ẹyẹ bá wà lára aṣọ, kí orí ẹyẹ kọjú sókè.

Ẹ wọn ọrùn náà yíká. Ó tó bí ínṣì 16. Orí Kẹ́hìndé jẹ́ 21. Kò lè wọ̀ ọ́! Ibí yìí gan-an ni ti ọdún tí ó kọjá ti bàjẹ́. Kí ni kí a ṣe? Èjìká ọ̀tún nìkan ni a ó rán pọ̀. A ó fi ti òsì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Nígbà tí ọmọ bá wọ ẹwù tán, a ó fi okùn aṣọ so ó.

6. Ẹ rán an. Ẹ jẹ́ kí ojú aṣọ méjèèjì kọjú síra, kí ẹ̀yìn aṣọ wà níta. Kí ìránpọ̀ jìnnà sí etí aṣọ ní ½ ínṣì.

Ẹ rán èjìká ọ̀tún. Ẹ gé aṣọ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun sí igun, kí ẹ fi gbá etí ọrùn. Aṣọ tí a gé bẹ́ẹ̀ máa ń nà, ó sì máa ń tẹ̀lé ọrùn dáadáa. Ẹ ṣẹ́ etí èjìká òsì, kí ẹ rán okùn méjì mọ́ iwájú, méjì mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ wọn ínṣì 6 láti èjìká wá sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni apá yóò gbà jáde. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí ojú apá. Ní ìsàlẹ̀, ẹ ṣẹ́ ½, kí ẹ tún ṣẹ́ 1, kí ẹ wá rán an.

Bí kò bá sí maṣíìnì, abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó. Ẹ ti abẹ́rẹ́ síwájú, ẹ dá a padà díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ tún tì í síwájú. Irú ìránṣọ yìí kì í tú bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ ka abẹ́rẹ́ yín, kí ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ìyá Ìbejì wọ ẹwù fún Táíwò. Orí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wọ ti Kẹ́hìndé. Orí wọlé. Ó so okùn èjìká wọn. Ó wo ańkárá ìyá rẹ̀ lára àwọn ọmọ, ó dákẹ́ díẹ̀.

Kò ya ojú ìwé náà dànù. Ó kọ ọdún sí orí rẹ̀. Ní ọdún tí ń bọ̀, yóò tún wọ̀n wọ́n, yóò sì mọ iye tí wọ́n fi dàgbà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí a fi ń fọ aṣọ kí a tó gé e?
2. Kí ni Ìyá Ìbejì gbàgbé láti wọ̀n ní ọdún tí ó kọjá?
3. Bí àyà ọmọ bá jẹ́ ínṣì 26, báwo ni ègé iwájú yóò ti fẹ̀ tó?
4. Ẹ wọn ọmọ kan nílé yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé yín.