Òrùlé Tí A Gbin Ewé Sí

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó gbin nǹkan sórí òrùlé kọnkéré pẹrẹsẹ, òwe yìí ni kó fi sọ́kàn ju ohun tó gbìn lọ. Ewé tó bá rọ ṣeé tún gbìn. Òrùlé tó bá ń jò, a ó kọ́kọ́ kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ kúrò kí a tó rí ojú ibi tó sán.

Nítorí náà, ojú ihò omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ẹ gòkè lọ, ẹ kó ewé gbígbẹ kúrò lẹ́nu páìpù, ẹ da omi garawa kan síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó ń lọ wéré. Ẹ tún un ṣe nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ tẹ́ yí ihò náà ká, ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Omi tó bá dárogún fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tó ń fò.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lórí òrùlé, ọdán ló yẹ ká máa sọ ọ́ fún. Ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, á ṣu hóró rẹ̀ sórí ilé, hóró náà á sì hù. Gbòǹgbò ọdán á wọ ojú kọnkéré tó sán, á máa fẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá ṣì kéré, ìka méjì ló máa fà á tu. Bó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ má fi ọkọ́ tàbí àdá ro òrùlé o! Irin lè gé ọ̀dà àti rọ́bà tí wọ́n fi bo kọnkéré lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀.

Àwọn kan rò pé bíbu iyẹ̀pẹ̀ lé e lọ́dọọdún ni àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, bí òjò bá rin ín gbingbin, lè wúwo tó kílò 180 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ní yàrá táwọn èèyàn ń gbé pàápàá, nǹkan bíi kílò 150 ni wọ́n sábà máa ń ṣírò fún èèyàn àti ẹrù. Ẹ po háhá àgbọn àti èèpo ìrẹsì mọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà kó lè fúyẹ́, kí ẹnjiníà sì wo òrùlé náà kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un.

Ibi tó bá pá ńkọ́? Ní Jámánì, níbi tí irú òrùlé yìí ti gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1970, sedum tó ń tọ́jú omi sínú ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó. Ẹbí rẹ̀ ni ọ̀dúndún àti àbámọdá wa. Àbámọdá ni mo fẹ́ràn jù, torí etí ewé rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ ni ọmọ ti ń yọ. Pápásan náà fara da oòrùn, ó sì ṣeé jẹ. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ kò lè ṣe láìsí omi lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tí kò bá lè máa pọn omi gòkè, kó fi wọ́n mọ sí ìgbà òjò.

Bí ẹ bá sì rí ọ̀rinrin lára àjà yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ má dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá ibi tó ń jò.