Ibi Tí À Ń Gbé Máṣìn Sí: Fún Ọmọ Alímọ̀ṣọ́ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé London

Bí ẹ bá ti gun máṣìn rí ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgándò, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó bá ṣáà ti gba táyà méjì ti tó. Ẹ lè gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, sí àárín ọkọ̀ méjì, tàbí sí abẹ́ agboòrùn ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Bó bá dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, onítọ̀hún á fi igbe ta pé, "Ta ló ni máṣìn yìí? Ẹ wá gbé e kúrò o!" Bí ẹ ò bá sí nítòsí, àwọn ọkùnrin méjì á gbé e sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹnu ọmọ ènìyàn ló ń ṣètò ibẹ̀.

Ní London, ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sílẹ̀ àti pátákó ara ògiri ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu. Kò sí ẹni tó máa pè yín. Ẹ máa gbé máṣìn sílẹ̀, ẹ máa ra nǹkan tí ẹ fẹ́ rà, ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ni lẹ́tà á dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gbogbo àyè tó ṣófo níbi ìgbọ́kọ̀sí àjùmọ̀lò ló ní olóhun. Wọ́n ti fún ẹnì kan kí ẹ tó dé, bí onítọ̀hún ò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ìdí wà tí mo fi ń bá àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ ní pàtàkì. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló kàn: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún kan náà, wọ́n fi Kòṣọfẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáká lórí máṣìn, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn bó bá dé London tó rí iye tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ohun mìíràn wà tí òfin ń béèrè: láísẹ́ǹsì Nàìjíríà tó ní máṣìn nínú kò ṣiṣẹ́ kọjá oṣù 12 láti ọjọ́ tí ẹ di olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbánigbófò pọn dandan, ìbòrí náà pọn dandan. Ẹ wá ìyẹn ṣe. Ibi tí a ó gbé máṣìn sí ló jẹ mí lógún lónìí, torí òun ni ẹnikẹ́ni kì í kọ́ àlejò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣẹ̀ jù. Bí ẹ bá wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá kan, ẹ ó rí àwọn àyè kan nítòsí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ya àwòrán ènìyàn orí àga onítáyà sí. Ẹ mọ̀ pé àwọn akanda ẹ̀dá ló ni ìyẹn, ẹ ò ní gbé nǹkan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àyè tóóró kan tí wọ́n fi ìlà dídábùú kún. Ó ṣófo, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò gba ọkọ̀, máṣìn sì máa bọ́ sí i rẹ́gí. Ọkàn yín á sọ pé wọn ò fi ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń fi ṣe nǹkan! Ibẹ̀ ni ẹni tí kò lè rìn máa ń na àga onítáyà rẹ̀ sí nígbà tó bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni pákó àgùnkè ọkọ̀ rẹ̀ máa ń já sí. Bí ẹ bá gbé máṣìn síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọlé lọ ra oúnjẹ, ẹ ti sé e mọ́ ìta ọkọ̀ ara rẹ̀. Yóò jókòó sínú òjò títí ẹ ó fi jáde. Lójú tèmi, kò sí ìwà àìnáání tó burú tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é kò ní èrò ibi lọ́kàn.

Bákan náà ni ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá nígbà tí iná bá sọ, àti àyè fífẹ̀ tó ní àwòrán òbí àti ọmọ. Ẹ má sì gbé e gun ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́bàá títì. Òfin tó de ìyẹn ní London ti wà láti ọdún 1974, máṣìn pẹ̀lú ọkọ̀ ló sì kàn.

Níbo wá ni ká gbé e sí? Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá àyè máṣìn wà. Bó bá wà, ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ dábùú rẹ̀ bí tàwọn yòókù, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnì kejì lè gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá sí, àyè ọkọ̀ ni ẹ ó lò, bí pátákó bá gbà á láyè. Ẹ má lọ tì í mọ́ ògiri nínú lọ́hùn-ún. Awakọ̀ tó ń bọ̀ kò ní rí i láti ọ̀ọ́kán, á rò pé àyè náà ṣófo, á sì já wọ̀ ọ́. Apá ìta ni kó wà, níbi tí ojú ti lè tó o, kó sì wà láàárín ìlà méjèèjì kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ṣí. Bí ẹ bá rí ọlọ́máṣìn mìíràn nínú àyè kan tó gba méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lọ bá a níbẹ̀ dípò tí ẹ ó fi gba àyè ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n kí kálukú san owó tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 32 ló wà ní London, yàtọ̀ sí City of London, kálukú ló sì ní òfin tirẹ̀. Westminster ń gba owó lórí àyè máṣìn. Àwọn mìíràn kì í gbà á. Pátákó ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kà, ẹ má fi ti àná wé e.

Ẹ má fọwọ́ kan máṣìn ẹlòmíràn láé. Ká gbé e sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí a ti ń ṣe ní Ìkòtún, kò sí ní London. Aago ìdáàbòbò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, olóhun á sì rò pé olè ni yín. Ọ̀daràn ni òfin ka ẹni tó bá gun orí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tàbí tó ṣí ìjánu rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ní ti ilé gbígbé, mo mọ̀ pé ní Alímọ̀ṣọ́, nítorí olè, ọ̀pọ̀ ló ń ti máṣìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n á gbé e ti ẹnu yàrá. Ní ilé alájà púpọ̀ tó wà ní Peckham tàbí Thamesmead, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Epo bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn náà sì ni gbogbo ìdílé tó wà lókè máa gbà sá bí iná bá sọ. Kẹ́ẹ̀gì epo náà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìkódọ̀tísí. Ìta ni máṣìn ń sùn: ẹ ra ṣéènì tó nípọn àti kọ́kọ́rọ́ ìjánu, kí ẹ so ó mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún irú rẹ̀, kí ẹ sì da aṣọ bò ó. Bí ẹ bá ń jáde láago mẹ́rin ìdájí, ẹ fẹsẹ̀ tì í dé ẹnu géètì kí ẹ tó tan án, torí ìró ẹ́ńjìnnì máa ń há sábẹ́ ilé, yóò sì jí ọmọ ọwọ́ ní àjà kẹta. Bí ọ́ìlì bá ń kán, ẹ tún un ṣe ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dà títì máa ń rọ̀, ẹsẹ̀ ìdúró máṣìn á sì rì wọ inú rẹ̀ títí yóò fi ṣubú lu ọkọ̀ aládùúgbò. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa, pàápàá ní àgbègbè Old Kent Road, ló ń jọ́sìn nínú ilé tó ti jẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìkẹ́rùsí rí, tí àwọn àti mẹkáníìkì àti oníṣòwò jọ ń lo àgbàlá kan. Ọ̀ṣà tó wọ aṣọ títàn lè juwọ́ sí yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e síbẹ̀, kò sí wàhálà." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ìwé wà láti ọ̀dọ̀ onílé. Bí ilé iṣẹ́ aládàáni kan bá ń ṣọ́ àgbàlá náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀ṣà kò lè gbà yín. Bí ẹ bá sì dí géètì mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ ni ẹ̀sùn náà á kàn lọ́dọ̀ kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀.

Bí lẹ́tà bá dé, ẹ wò ó dáadáa. Oríṣi méjì ni. Ti kánsù jẹ́ owó ìtanràn tó ní òfin lẹ́yìn. Bí ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni ẹ ó san. Ti ilé iṣẹ́ aládàáni jẹ́ gbèsè tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ sí kóòtù bí wọ́n bá fẹ́ gbà á tipátipá. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2012, wọn ò láṣẹ mọ́ láti de táyà yín lórí ilẹ̀ aládàáni ní England àti Wales. Bí ẹ bá ní àwíjàre, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀, torí ẹni tó bá ti san ti gbà pé òun jẹ̀bi. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé máṣìn sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìlà ilẹ̀ àti pátákó. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì bébà ni, ẹ ya òun náà, torí máṣìn kò ní gíláàsì tí a lè fi í há, atẹ́gùn lè gbé e lọ.

Èyí tó ń ba àlejò jẹ́ jù ni àdírẹ́sì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń kó láti yàrá kan sí òmíràn, lẹ́tà á sì máa lọ sí ilé àkọ́kọ́. Kò rí i, kò fèsì, kóòtù á dájọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìdájọ́ yẹn á wà fún ọdún mẹ́fà, á sì ṣòro fún un láti gba ilé tàbí yá owó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó, ẹ yí àdírẹ́sì ìwé máṣìn padà lọ́dọ̀ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọkọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, wọn kì í gba owó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì tà á, ẹ sọ fún wọn kí olùrà tó gùn ún kúrò níwájú yín, nítorí títí ẹ ó fi sọ ọ́, orúkọ yín ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ á máa bá wá.