Ẹ Jẹ́ Káwọn Òṣìṣẹ́ Tàkúrọ̀sọ

Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kò sẹ́ni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gba ìdí ọ̀rọ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ kan wà lójú ọ̀nà tó gba Wásinmi lọ sí Ìkirè. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí n kò fẹ́ ẹjọ́. Igi máńgòrò kan wà nínú ọgbà wọn, bẹ́ńṣì gígùn méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń kóra jọ sábẹ́ igi yìí láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti lọ́sàn-án nígbà tí ìyá olóúnjẹ bá sọ igbá kalẹ̀. Akọ̀wé, awakọ̀, ọlọ́dẹ, àwọn tó ń di ẹrù, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ jiyàn bọ́ọ̀lù, wọ́n á jọ bú ìjọba. Ọ̀gá tuntun wá dé. Ó ní wọ́n ń fi àkókò iṣẹ́ ṣòfò. Ó ní kí wọ́n kó bẹ́ńṣì kúrò, ó lé ìyá olóúnjẹ sẹ́yìn géètì, ó sì lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́ yóò rí pípọ́n ojú òun. Kálukú wá ń jẹun nídìí tábìlì tirẹ̀, ṣíbí lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́dẹ rí i lóru pé òrùlé ilé ìkẹ́rùsí ń jò lápá ẹ̀yìn. Láyé bẹ́ńṣì, abẹ́ igi ni ì bá ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láàárọ̀ pé ilé ẹrù yín ti di ilé ìwẹ̀ o, ẹni tí ẹrù wà níkàáwọ́ rẹ̀ ì bá sì ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò síbi tí yóò ti jókòó dè wọ́n mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á kí wọn ní géètì, á gba ilé rẹ̀ lọ. Ta ni yóò lọ bá? Ṣé ọ́fíìsì ọ̀gá tó ti kọ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ni ọlọ́dẹ fẹ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láago méje àárọ̀? Kí wọ́n tó kó ẹrù iwájú kúrò kí wọ́n rí tẹ̀yìn, àpò tó ti jẹrà kì í ṣe kékeré. Inú bí ọ̀gá. Ó ní ìṣòro àwọn òṣìṣẹ́ òun ni pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ohun tí irú ọ̀gá báyìí kò mọ̀ ni pé ẹ̀fẹ̀ ló máa ń kó ọ̀rọ̀ gidi wọlé. Kò sẹ́ni tó ń pe ìpàdé nítorí ihò kan lára páànù. Ẹni tó fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ kan ti ń dún bákan, Arsenal ni yóò kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí a kò bá ṣeré rí, ojú máa ń tì wá láti bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe eléyìí?” Òṣìṣẹ́ tí ojú ń tì láti béèrè, àṣìṣe ni yóò fi kọ́ iṣẹ́, owó ilé iṣẹ́ ni yóò sì fi san owó ẹ̀kọ́.

Àwọn bàbá tó dá oko kòkó láyìíká Ìkirè àti Àpòmù mọ èyí ju ọ̀gá oníwèé-ẹ̀rí lọ. Ẹ wo àáró. Àwọn ẹgbẹ́ á para pọ̀, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹ wo ọ̀wẹ̀ náà: ẹni tí iṣẹ́ ń dà láàmú á bẹ àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn ni yóò ṣiṣẹ́, òun ni yóò wá oúnjẹ àti ẹmu. N. A. Fádípẹ̀ kọ nípa irú àjọṣe báyìí nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde lọ́dún 1970. Ta ló máa ní kí àwọn aláàáró ro oko láìfọhùn? Orin wà ńbẹ̀, àwàdà wà ńbẹ̀. Ọ̀lẹ tí ọwọ́ rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ní poro, orin ni wọn yóò fi bú u, ara rẹ̀ á sì yá gágá. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fún un ní kúẹ́rì. Àwọn tó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n yà sí ẹbu gàrí èyíkéyìí lágbègbè wa. Àwọn ìyá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ á ti parí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, wọ́n á ti bọ́ sórí owó ọkọ̀, ọ̀bẹ kò sì ní dúró lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Bó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ni ọ̀gá yín ń gbà gbọ́, ẹ sọ tibí fún un. Alex Pentland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ kékeré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lára ní ilé ìfowópamọ́ kan, àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Wọ́n ń wá ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń ṣe dáadáa ju òmíràn lọ. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ń bá òṣìṣẹ́ sọ níta ìpàdé wà lára ìdí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sinmi. Pentland ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa sinmi lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ mu kọfí. Ìyẹn nìkan ni. Àkókò tí wọ́n ń lò lórí ìpè kan dín ní ohun tó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń fà sẹ́yìn, ó sì dín ní ìdá 8 káàkiri ibẹ̀. Ọdún 2012 ló kọ ọ́ jáde. Kọfí lásán o, kì í ṣe owó oṣù tuntun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fún wọn ní ibi tí wọ́n lè jókòó sí. Ibòji àti omi tútù tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jẹun lákòókò kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ lọ jókòó síbẹ̀ nígbà mìíràn, kẹ́ ẹ jẹ ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sì tètè dìde, torí ẹ̀fẹ̀ kì í dùn mọ́ bí ọ̀gá bá pẹ́ jù nídìí rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lóṣù fún ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kẹ́ ẹ má sì fi ọ́fíìsì yín ṣe gbọ̀ngàn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti ní ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Òdòdó tí wọ́n fi ń kí ara wọn níbẹ̀ láràárọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òrùlé ń jò.

Òfófó ńkọ́? Òfófó kì í gbé ìta gbangba. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń gbé, níbi tí ẹni méjì ti ń sọ̀rọ̀ ẹnì kẹta. Ẹni tó bá ń bá ọ jẹun lójoojúmọ́, á ṣòro fún un láti gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ gbọ́.

Wàyí o, mo ti ń fi òwe yẹn wàásù, mo sì ní láti bá a jà díẹ̀. Kíkówọ̀ọ́rìn nìkan kọ́ ni ire. Àwọn tó ń jí ọmọ Ọ̀yọ́ gbé tà lọ́jà Àpòmù, ìwà tó wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a ṣe ni? Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà lónìí tó jẹ́ pé àwọn tó ń kówọ̀ọ́ rìn gan-an ni wàhálà ibẹ̀. Ọmọ ìlú kan náà tàbí ọmọ ìjọ kan náà ni wọ́n, wọ́n á sì panu mọ́ bí àlejò bá ti súnmọ́ wọn. Ìyẹn kì í ṣe àjọṣe, ọ̀tẹ̀ ni. Ti aṣọ ẹbí tún ń bí mi nínú. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní dandan ni kó ra aṣọ ọjọ́ ìbí ìyá ọ̀gá, ẹ kò sọ ọ́ di ọ̀rẹ́, ẹ sọ ọ́ di onígbèsè. Ẹ sì tún wo ẹni tí ìwà rẹ̀ jẹ́ jẹ́jẹ́, tó fẹ́ dá jẹun kó sì ka ìwé rẹ̀: ẹ fi í sílẹ̀ o. Kó ṣáà mọ̀ pé àyè òun wà lórí bẹ́ńṣì nígbàkúùgbà.

Ibi tí òwe náà ti wá jìnnà sí òtítọ́ jù lọ nìyí. Ejò ń dá rìn, ó ń jẹun, ó ń bímọ, kò sóhun tó ṣe é. Ẹni tó mú igi dání ló ń pa á. Òwe dá ejò lẹ́bi, kò bá onígi wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi pé wọn kò ṣọ̀kan, tí a kì í béèrè ẹni tó gba ìjókòó lábẹ́ wọn, tó sì fi ìwé ìkìlọ̀ dí wọn lẹ́nu. Ká tó bi òṣìṣẹ́ léèrè ìdí tí kò fi mọ ẹni tó jókòó tì í, ká kọ́kọ́ béèrè àkókò tí a fún un láti mọ̀ ọ́n.

Àkókò yẹn sì wà nínú òfin. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní dín sí wákàtí kan. Ọ̀gá tó bá gbà á lọ́wọ́ wọn ti rú òfin, ohun yòówù kó lẹ̀ mọ́ ògiri.