Àfòmọ́ Orí Igi àti Àfòmọ́ Inú Ọkàn

Ẹ kà: Máàkù 4:18–19, Oníwàásù 2:1–11, Róòmù 13:13–14.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àgbẹ̀ bá wọ oko kòkó rẹ̀ tí ó gbé ojú sókè, nígbà mìíràn yóò rí ẹ̀ka kan tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò yọ̀. Ṣùgbọ́n ewé kòkó kọ́ ni, àfòmọ́ ni. Ẹyẹ ni ó jẹ èso rẹ̀ níbòmíràn, tí ó fi irúgbìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà. Ó hù níbẹ̀, ó wọ inú igi, ó sì ń mu omi tí igi fi gbòǹgbò tirẹ̀ fà láti inú ilẹ̀. Àwọn àgbà wí pé, Àfòmọ́ kò ní egbò, gbogbo igi ni í bá tan. Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀ka a gbẹ, èso a sì dínkù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àníyàn ayé ń ṣe sí ọkàn. Nínú òwe afúnrúgbìn, irúgbìn tí ó bọ́ sáàárín ẹ̀gún hù, ṣùgbọ́n kò so. Ẹ kíyèsí i pé Olúwa kò dárúkọ olè tàbí ìpànìyàn níbẹ̀, bí kò ṣe àníyàn, ọrọ̀ àti ìfẹ́ ohun mìíràn. Owó kòkó, oyè ilé baba, aṣọ ẹgbẹ́, ìnáwó òkú: èwo nínú wọn ni ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀? Ewé àfòmọ́ pàápàá, oògùn ni lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ibi tí ó fìdí kalẹ̀ sí ni ó fi ń ba nǹkan jẹ́.

Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, mọ èyí dájú. A bí i ní 354 ní Tagaste, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà lónìí. Monica ìyá rẹ̀ ń fi omijé gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ìyìn, obìnrin àti ipò ni ọmọ náà ń lé, títí ó fi di olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Milan, níbi tí olú-ọba Róòmù wà. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń múra láti yin olú-ọba ní gbangba, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí òun tìkára rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ó rí alágbe kan tí ó ti mu ọtí yó, tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Alágbe náà ti fi owó díẹ̀ ra ayọ̀ kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ayọ̀ tí yóò tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun tí ó ti ṣe làálàá fún ọdún púpọ̀ kò rí ìyẹn pàápàá.

Síbẹ̀ ó ń sún un sí ọ̀la, bí ẹni tí ń já ewé àfòmọ́ tí kò gé ẹ̀ka. Ní 386, nínú ọgbà kan, ó gbọ́ ohùn ọmọdé tí ó ní kí a gbé ìwé kí a kà. Ó ṣí Ìwé Mímọ́ sí Róòmù 13, iyèméjì rẹ̀ sì parí. Ó dúró de ìsinmi ìkórè àjàrà, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ṣe ìrìbọmi fún un ní Àjíǹde 387. Nígbà tí ó kú ní Hippo ní 430, kò ní dúkìá tí yóò fi ìwé ogún pín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wá kiri ní Milan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a ti ń gé àfòmọ́ ni èyí:

1. Gé e kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Àṣà tí baba fi ṣeré lọ́dún yìí, ọmọ lè sọ ọ́ di ìwà ní ọdún tí ń bọ̀.

2. Gé ẹ̀ka náà ní ìsàlẹ̀ ibi tí àfòmọ́ ti wọlé. Igi yóò pàdánù díẹ̀ nínú ara rẹ̀, kò sì ní ṣàì dùn ún. Ṣùgbọ́n igi yóò yè.

3. Tún padà bẹ̀ ẹ́ wò. Kí a tó gbé ọkọ́ lówùúrọ̀, kí a kọ́kọ́ wá ojú Ọlọ́run, kí ọkàn lè mu omi láti ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè: (a) Èéṣe tí ewé tútù fi lè tan àgbẹ̀ jẹ? (b) Kí ni alágbe náà fi han Augustine? (d) Kí ni ó ń mu omi ọkàn rẹ?