Àpótí Ìmọ̀: Ẹsẹ̀ Gbígbé àti Iṣan Ikùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tí a ń gbé ẹsẹ̀ sókè, iṣan ikùn ló ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣan gígùn iwájú ikùn bẹ̀rẹ̀ láti egungun iwájú ìbàdí dé egungun ìhà. Kò kan itan rárá. Iṣan tó so egungun ẹ̀yìn mọ́ itan ló ń gbé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ti iṣan ikùn ni láti di ìbàdí mú kí ẹ̀yìn má baà ká kúrò nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa yí ọ̀nà padà. Bí orúnkún bá ká, ẹrù fúyẹ́; bí a bá na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹrù jìnnà sí ìbàdí, ikùn sì gbọ́dọ̀ le gan-an. Bí ẹ̀yìn bá ti kúrò lórí ẹní, kí a padà sí èyí tó rọrùn.

Àgbẹ̀ kan ní ìlú Lánlátẹ̀ lè sọ pé ọkọ́ àti oko ẹ̀gẹ́ ti tó òun ní eré ìdárayá. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ oko ń fúnni lókun, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ tó ń roko, iṣan ẹ̀yìn ló ń gba ẹrù jù. Àwọn mìíràn ń retí kí ọ̀rá ikùn yọ́ nítorí ẹsẹ̀ gbígbé. Iṣan lè le kí ọ̀rá má sì dín. Ní ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, irú èyí tó pọ̀ ní ìlú Igbó-Ọrà, iṣan ikùn rẹ̀ ti lè fà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ méjì nínà bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè.