Ṣé Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Máa Ń Mú Èèyàn Sanra?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń mú èèyàn sanra. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn lọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ mú páálí tiyín, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn lẹ ti gbà á, tàbí ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó lẹ ti rà á. Lábẹ́ orúkọ gàdàgbà tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á, orúkọ kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ. Òun ni kí ẹ kà.

Bí orúkọ náà bá parí sí "olol", bíi propranolol tàbí atenolol, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀rá ni oúnjẹ tí ara tọ́jú pamọ́. Bí a bá ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èròjà ara kan tó ń jẹ́ adrenaline á sáré dé ara sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, á ní kó tú ọ̀rá sílẹ̀ fún ara lò. Ó dà bí ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rán lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ní Ìdúmọ̀tà pé kí wọ́n kó ọjà jáde. Propranolol ti gba ẹnu ọ̀nà, ọmọṣẹ́ kò rí iṣẹ́ jẹ́, ọjà kò jáde tó. Bó ṣe ń ṣe sí ọkàn náà nìyẹn, tí ọkàn fi ń rọra lù. Ẹlòmíràn lè fi kílò kan tàbí méjì sanra láàárín oṣù mélòó kan.

Bí ọ̀rá kò bá jáde tó, báwo wá ni oògùn yìí ṣe tún lè mú kí ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀? Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yìí ń gbà wá, triglyceride lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun ló ń kó o sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà kan lára ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ á sì máa gé e wẹ́wẹ́ kí ara lè lò ó. Propranolol máa ń dín iṣẹ́ èròjà yìí kù, triglyceride á sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. HDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere, lè dín díẹ̀. Nebivolol àti carvedilol kì í sábà ṣe báyìí.

Hydrochlorothiazide, tó ń mú èèyàn tọ̀, lè gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti triglyceride sókè bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀. Ìwọ̀n kékeré, bíi 12.5 mílígíráàmù, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Amlodipine, lisinopril àti losartan kì í da ọ̀rá ara rú. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: bó bá jin, tí ojú ibẹ̀ kò tètè padà, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí dá oògùn dúró. Bí a bá ṣàdédé fi propranolol tàbí atenolol sílẹ̀, ó lè kọ lu ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú sì ń fa rọpárọsẹ̀ àti àrùn kíndìnrín. Ẹ wọn ara yín, ẹ ní kí dókítà yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bó bá ti pọ̀ jù, òun ló mọ bóyá kí ẹ pààrọ̀ oògùn.