Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Apá kìíní òwe yìí la sábà máa ń rántí: ohun tó bá wà lókè, àgbà ni yóò nawọ́ gbé e fún ọmọ. Apá kejì rẹ̀ ni a máa ń fojú fò. Ohun kan wà nínú akèrègbè tí ọwọ́ tiwa kò lè wọlé mú, àfi kí ọmọ fúnra rẹ̀ yọ ọ́ jáde. N kò mọ ìgbà tí apá méjèèjì wúlò papọ̀ tó ìgbà tí ọmọ bá ń kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi bọ́ sí ìwé kìíní. Àwọn ọmọ Ìdànrè ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé àsìkò ìwọlé kì í rọrùn fún òbí níbẹ̀ rárá.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Bí oṣù Keje bá dé, àwọn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi á ṣe ayẹyẹ ìparí. Wọ́n á wọ àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún ní aṣọ ìgboyè àti fìlà onígun mẹ́rin, ayàwòrán á dé, ìyá á se ìrẹsì, bàbá á sanwó. Ó dára, ọmọ tó ẹni tí à ń yẹ́ sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí di oṣù Kẹsàn-án, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bá ọmọ náà sọ nǹkan kan nípa ibi tó ń lọ. Bí ọjọ́ ìwọlé bá pé, a ó gbé e sórí ọ̀kadà, a ó já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì, a ó sì bá tiwa lọ. Ní Jámánì, ọjọ́ ìwọlé gan-an ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹbí á péjọ, wọ́n á ká páálí ńlá kan tó ṣẹnu gbàgàdà, wọ́n á kó súìtì, pẹ́ńsù àti ohun ìṣeré kún inú rẹ̀, wọ́n á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Schultüte ni wọ́n ń pè é, àṣà náà sì ti tó 200 ọdún. Mi ò ní kí a lọ kó àṣà Jámánì wá sí Òdòdé àti Aládé ní Ìdànrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó kò bá ká nǹkan méjì, kí aṣọ ìgboyè náà yẹ̀, kí a fi owó rẹ̀ ra bàtà tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀, kí ìyá tàbí bàbá sì dúró tì í ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìdúró yẹn gan-an ló ṣòro ní Ìdànrè. Ìlú kòkó ni. Bí ilé ìwé bá ṣe ń wọlé ní oṣù Kẹsàn-án ni kòkó náà ń pọ́n, láti ìgbà náà títí ọdún yóò fi parí, òbí kì í fẹ́ kúrò lóko. Wọ́n á ká a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó lè kan, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á máa ṣọ́ òjò. Ọ̀pọ̀ á sùn sí àbúlé oko, wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ nígboro lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báyìí ni sáà tí ọmọ nílò òbí jù lọ ṣe ń bọ́ sí sáà tí òbí kò sí nílé. Kò sí ẹni tó lè yí ìgbà kòkó padà, ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti oṣù Kẹjọ, nínú ìsinmi gígùn, ni kí ẹ ti pinnu ẹni tí yóò máa mú ọmọ lọ àti ẹni tí yóò máa mú un bọ̀. Kó jẹ́ ẹnì kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kí ọmọ mọ̀ ọ́n, kí olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, kí òun àti ọmọ jọ rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kòkó tó ti pọ́n lè dúró lórí igi di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ń bẹ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ìbí. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí òdì kejì, ó tó wọlé. Bí kò bá kàn án, kó padà lọ sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ó dà bí eré lójú wa lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: wọ́n mọ̀ pé ara ọmọ ní àkókò tirẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2013 kò jìnnà sí i: ọdún kan ní jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ ọdún márùn-ún, kó tó bọ́ sí ìwé kìíní ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀ a rí òbí tó ń bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin fo kíláàsì nítorí pé ó ti mọ ABD kà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọmọ tó mọ̀wé kà tí kò lè jókòó, tí kò lè dúró de ẹlòmíràn, tí ẹkún rẹ̀ kò jìnnà, kò ì tíì ṣe tán. Ní Finland, ọdún tí ọmọ bá pé méje ni ó ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pe àwọn ọmọ wọn ní olódo.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ yóò kó lọ sí ìwé kìíní kì í ṣe báàgì olówó ńlá. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, àǹtí wà tó ń bá a bọ́ṣọ, tó ń nu imú rẹ̀, tó ń bá a ṣí kúlà oúnjẹ. Ní ìwé kìíní, àwọn ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kan. Nítorí náà, kí ọmọ ti mọ bí a ṣe ń bọ́ ṣòkòtò kí ìtọ̀ tó dà, bí a ṣe ń fọ ìdí àti ọwọ́, bí a ṣe ń di bọ́tìnnì. Kó lè ṣí kúlà ara rẹ̀ kó sì tún dé e padà. Kó lè dárúkọ ara rẹ̀, ti bàbá àti ìyá rẹ̀, àti àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Kó lè sọ fún àgbà tí kò mọ̀ rí pé inú ń run òun, tàbí pé ẹnì kan lu òun. Ìwọ̀nyí ni mo kà sí ìmúrasílẹ̀, mo sì fi wọ́n ṣáájú ABD. Ẹ má fi ìbínú kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ nídìí bọ́tìnnì rẹ̀ nínú ìsinmi, nígbà tí kò sí ẹni tó ń kánjú.

Ìṣirò náà, ilé ni. Ọmọ tó ń bá àwọn òbí rẹ̀ ka èso kòkó tí wọ́n ká jọ, tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta ayò, ti ń kọ́ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò láìmọ̀. Àlọ́ alẹ́ náà kì í ṣe ohun tí à ń fi pa ọmọ lẹ́nu mọ́ lásán. Ọmọ tó lè jókòó gbọ́ ìtàn ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó gbe orin, tó dúró de ìgbà tí yóò kàn án láti dáhùn, ti ní ohun tí olùkọ́ ìwé kìíní ń wá. Bí a bá sì fi àlọ́ rọ́pò tẹlifíṣọ̀n, ọmọ á tètè sùn, á sì jí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ èdè wá tẹ̀ lé e. Èdè Ìdànrè, tó bá ti Oǹdó tan, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ nílé. Wọ́n á dé ilé ìwé, wọ́n á pàdé Yorùbá inú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì á tún gorí rẹ̀. Èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà fún ọmọ ọdún mẹ́fà! Àwọn òbí kan wá rò pé ohun tó dára ni kí àwọn dẹ́kun èdè ilé. Àṣìṣe ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà kò sì bàjẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ máa bá ọmọ sọ èdè yín. Kí ẹ kàn kọ́ ọ ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ tó wá láti ìlú mìíràn yóò gbọ́: mo fẹ́ tọ̀, òùngbẹ ń gbẹ mí, kò yé mi. Ẹ̀yin olùkọ́ náà, ẹ má fi ọmọ ṣẹ̀sín nítorí ohùn ilé rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dákẹ́ títí sáà yóò fi parí.

Àwọn ọmọ àbúlé oko tí kò gba jẹ́lé-ó-sinmi kọjá rárá tún wà láàrin àwọn tó ń wọ ìwé kìíní. Wọ́n á bá ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì tó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀, nígbà tí àwọn kò ì tíì di pẹ́ńsù mú rí. Ìka kò dọ́gba. Kí olùkọ́ fún wọn ní sáà kan kó tó pe ẹnikẹ́ni ní olórí kunkun.

Láti ọdún 1923 ni àwọn ará Ìdànrè ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ òkè sílẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, ṣì wà lókè níbẹ̀, wọ́n sì ń gun àkàsọ̀ padà lọ ṣe ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe fún ọmọ. Kó má di pé ọjọ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni kò ní fojú kàn án mọ́. Ẹ jẹ́ kó padà lọ kí i. Kí olùkọ́ àtijọ́ náà sì bá olùkọ́ tuntun sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí ìwé èsì ìdánwò kò ní sọ pọ̀: èyí kò gbọ́ràn dáadáa ní etí òsì, èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyá rẹ̀, èyí kì í jẹun bí ariwo bá pọ̀.

Èyí ló gbé wa padà sí akèrègbè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ní kíláàsì, ọwọ́ wa kò tó o. “Kí lo kọ́ lónìí?” kì í mú nǹkan jáde, ọmọ á ní “kò sí nǹkan.” Ẹ bi í pé ta lo bá ṣeré, ta ló jókòó tì ọ́, ta ló sunkún, kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn. Bí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀ọ́lé bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, bí inú bá ń run ún ní gbogbo òwúrọ̀ tí kì í sì í run ún ní Sátidé, ọ̀rọ̀ ló ń sọ fún yín. Ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ má yọ́ lọ nígbà tí kò wò yín, ẹ dágbére fún un, kí ẹ sọ ẹni tí yóò wá mú un, kí ẹni náà sì dé lásìkò. Ọ̀rọ̀ kan tún wà lẹ́nu gbogbo wa tó yẹ kó kúrò níbẹ̀: “Màá fẹjọ́ rẹ sun tíṣà.” Ẹni tí a bá fi dẹ́rù ba ọmọ ní gbogbo oṣù Kẹjọ, báwo ni yóò ṣe fà mọ́ ọn ní oṣù Kẹsàn-án?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òdòdé, Aládé àti Àtòsìn, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ yín. Kí ilé ìwé tó tì ní oṣù Keje, ẹ yan òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yóò wá jókòó lórí àga ìwé kìíní, tí wọn yóò rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi omi, tí wọn yóò sì kí olùkọ́ wọn tuntun. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí wọn kò bá pè yín, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ lọ béèrè.